Mẹ́rin Lórí Ogún

Ìjà ni Faïzath àti Taofic fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó rí ara wọn sójú rárá. Inú ẹgbẹ́ kan lórí Wasáàpù ni, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Awòran Àjàṣẹ́. Òfin ẹgbẹ́ náà kò le. Bí o bá ti wo fíìmù kan, o máa gba ohùn rẹ sílẹ̀ ní vókálì, o máa sọ bó ṣe rí lójú rẹ, o sì máa fún un ní nóòtì lórí ogún, bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ ilé-ìwé.

Lọ́jọ́ náà, Faïzath fún fíìmù kan ní mẹ́tàdínlógún. Ẹkún ló ń sun bó ṣe ń sọ ọ́, torí pé ìyàwó inú fíìmù náà kú kí ọkọ rẹ̀ tó ti ìrìn-àjò dé. Kò pẹ́ tí ohùn ọkùnrin kan fi wọlé, ohùn tútù bíi ti ẹni tó ń ka ìròyìn.

"Mẹ́jọ lórí ogún," ni ọkùnrin náà wí. "Obìnrin yẹn húkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó kú. Àìsàn wo nìyẹn? Arábìnrin tó ń sunkún, ẹ má bínú o, ẹ nu ojú yín kí ẹ tún un wò."

Inú bí Faïzath. Aránṣọ ni, ó ní ìsọ̀ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ouando, ara ẹ̀rọ ìránṣọ ló sì máa ń gbé tẹlifóònù tì tí á fi máa wo fíìmù bí iṣẹ́ ti ń lọ. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó gbé tẹlifóònù sẹ́nu.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé òkúta ni wọ́n fi ṣe àyà rẹ ni?"

"Rárá o," ni èsì tó padà wá. "Olùkọ́ ni mí."

Gbogbo ẹgbẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Faïzath náà rẹ́rìn-ín, ó sì tún bínú sí ara rẹ̀ pé òun rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọkùnrin gíga kan sọ̀kalẹ̀ lórí zẹ́mì, alùpùpù tó ń kó èrò, níwájú ìsọ̀ rẹ̀. Ẹfun ṣọ́ọ̀kì wà létí ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó sì gbé ṣòkòtò tó ya lábẹ́ lọ́wọ́.

"Ẹ káàsán, arábìnrin. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi tún èyí rán?"

Faïzath dá ohùn náà mọ̀, kò tilẹ̀ wo ṣòkòtò. "Ìwọ ni mẹ́jọ lórí ogún!"

Ọkùnrin náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí eyín rẹ̀ fi hàn tán. "Ìwọ lo ń sunkún."

Bí ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rẹ́ nìyẹn, tí ọ̀rẹ́ sì di ohun tí aráyé kò lè fi pa mọ́ bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ fi í pa mọ́. Taofic ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní kóòléèjì kan ní àárín ìlú. Bí ilé-ìwé bá ti parí, ìsọ̀ Faïzath ló ń gbà lọ. Wọ́n á pín okùn etí kan lò, ọ̀kan létí Faïzath, ọ̀kan létí Taofic, wọ́n á wo fíìmù, wọ́n á sì jà lórí nóòtì. Faïzath ń pè é ní Mùsíè bí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti ń pè é. Taofic ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́, oríkì tí ìyá àgbà rẹ̀ nìkan ń fi pè é tẹ́lẹ̀. Bó bá ti pè é bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ á gbàgbé ibi tó ń lọ.

"Èmi ńkọ́, Mùsíè?" ni ó bi í lọ́jọ́ kan. "Èló lo máa fún mi?"

"Mi ò tíì wò ọ́ tán. Fíìmù tí mi ò bá tíì wò tán, mi kì í fún un ní nóòtì."

"O ò ní wò mí tán láé."

"Ohun tí mò ń tọrọ nìyẹn, olólùfẹ́ mi."

Kí ni Faïzath fẹ́ràn lára rẹ̀? Ẹnu rẹ̀ ni. Ẹnu rẹ̀ kò mọ irọ́. Faïzath ní tirẹ̀, bí aṣọ ò bá yẹ oníbàárà, á ní ó yẹ ẹ́. Bí ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ bá ní iyọ̀ jù, á ní ó dùn. Àlàáfíà ló ń wá, ó sì ti wá a títí tí òun fúnra rẹ̀ ò fi mọ ohun tí òun fẹ́ mọ́. Bó bá jókòó ti Taofic, ara a tù ú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó fi pa mọ́ fún un. Bàbá rẹ̀, Bàbá Ramanou, káfíńtà tó ń kan àga àti bẹ́ẹ̀dì, ti ṣe eré rí nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Fíìmù kan ṣoṣo ni, *Ogun Etí Ọ̀sà*, tí ẹgbẹ́ eléré kan ní Àjàṣẹ́ yà sínú kásẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó bí Faïzath. Bàbá ló ṣe balógun. Gbogbo ọdún Iléyá ni bàbá máa ń gbé e jáde, tí á jókòó sáàárín àwọn ọmọ rẹ̀, tí á bi wọ́n pé, "Èló lẹ fún bàbá yín?" Faïzath, àkọ́bí, ló máa ń kọ́kọ́ pariwo: "Ogún lórí ogún!" Inú bàbá á dùn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ká sọ tòótọ́, fíìmù náà kò dáa. Faïzath ti mọ̀ láti kékeré. Ojú ń tì í, ìdí nìyí tí kò fi sọ ọ́ fún Taofic.

Àwọn mọ̀lẹ́bí Taofic ti ń múra láti wá tọrọ rẹ̀. Ìyá Faïzath, Sikiratou, ti rọra sọ ọ́ fún bàbá, bàbá sì ti ní kí wọ́n máa bọ̀. Àfi bí ẹnì kan ti gbé *Ogun Etí Ọ̀sà* sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, tí ẹlòmíràn sì jù ú sínú ẹgbẹ́ Awòran Àjàṣẹ́. Faïzath rí i, ó dákẹ́. Ó ní bóyá kò sẹ́ni tó máa wò ó.

Taofic wò ó.

"Mẹ́rin lórí ogún," ni vókálì rẹ̀ wí, "mẹ́rin náà, torí pé ọ̀sà wa lẹ́wà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo balógun yẹn dáadáa. Wọ́n gún un lọ́kọ̀, ó ṣubú, ó kú. Eṣinṣin bà lé e nímú, òkú gbé ọwọ́ sókè, òkú lé eṣinṣin, òkú tún padà kú! Ẹ bá mi wá ẹni tó ṣe balógun yẹn, mo fẹ́ bi í bí ọ̀run ṣe rí."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, vókálì yẹn ti kúrò nínú ẹgbẹ́, ó ti dé ọjà, ó ti dé ìsọ̀ àwọn káfíńtà. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí Bàbá Ramanou ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí, ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ki í pé, "Òkú tó ń lé eṣinṣin, ṣé àlàáfíà ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, kò jẹun.

"Ta ló ni ohùn yẹn?" ni ó béèrè.

Sikiratou wo Faïzath. Faïzath wo ilẹ̀. Bàbá kò bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, ó ti yé e.

"Ó dáa," ni bàbá wí. "Kí àwọn èèyàn rẹ̀ má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu. Mi ò lè fi ọmọ fún ẹni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri ìlú."

Láti ọjọ́ yẹn ni ara Faïzath kò ti balẹ̀ mọ́. Á jókòó sídìí ẹ̀rọ, á dìde. Á gbé tẹlifóònù, á tún un gbé sílẹ̀. Ó rán ọwọ́ ẹ̀wù kan mọ́ ibi ọrùn, ó tú u, ó tún un rán síbẹ̀ náà. Ìyá rẹ̀ kò sì jẹ́ kó sinmi.

"Kí ọmọkùnrin yẹn tún vókálì mìíràn ṣe ni," ni Sikiratou wí. "Kí ó ní òun ti tún un wò, kí ó fún un ní méjìdínlógún. Ẹnu rẹ̀ á ha bó ni? Mounirou tó ń ta táyà ní Akpro-Missérété ti gbọ́, ó ti fún un ní ogún, bẹ́ẹ̀ kò tíì wò ó pàápàá. Ẹni tó mọ ohun tó ń wá nìyẹn. Ó sì ti pẹ́ tí Mounirou ti ń béèrè rẹ lọ́wọ́ bàbá rẹ."

Faïzath lọ bá Taofic lẹ́nu géètì kóòléèjì. Kò tíì kí i tán tó fi bú sẹ́kún.

"Bàbá mi ni balógun yẹn."

Taofic gbé ọwọ́ lérí. "Yéè! Àbẹ̀kẹ́, kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ojú ń tì mí! Jọ̀ọ́, fún un ní méjìdínlógún. Vókálì kan péré ni. Bàbá á gbọ́, ọ̀rọ̀ á tán."

"Mo lè tọrọ àforíjì. Mo lè dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mọ́sáláṣí bí wọ́n bá fẹ́. Yẹ̀yẹ́ tí mo fi àgbàlagbà ṣe, mo jẹ̀bi ẹ̀. Ṣùgbọ́n méjìdínlógún? Faïzath, wọ́n á mọ̀ pé irọ́ ni. Ìwọ náà á mọ̀."

"Kí ni irọ́ kékeré jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi? Ṣé nóòtì lo fẹ́ fẹ́ ni, àbí èmi?"

Kò dáhùn kíá. Àìdáhùn kíá yẹn ló dun Faïzath jù. Ó dá zẹ́mì dúró, ó gùn ún, kò wẹ̀yìn. Gbogbo vókálì tí Taofic fi ránṣẹ́ lẹ́yìn náà, kò gbọ́ ọ̀kan. Ó ń bínú sí i pé kò lè purọ́, bẹ́ẹ̀ ohun tó tìtorí ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Ó mọ̀. Mímọ̀ tó mọ̀ ọ́n ló tún mú kí inú bí i sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n gbọ́ àgò lẹ́nu ọ̀nà. Taofic ni, òun nìkan. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ nǹkan kan, ó ti dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, pẹ̀lú ẹ̀wù funfun tó wọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Mo fi yín ṣe ẹ̀sín. Kò yẹ bẹ́ẹ̀."

Bàbá Ramanou wò ó títí. "Dìde. Ṣé o wò ó tán?"

"Bàbá?"

"Fíìmù mi. Ṣé o wò ó tán kí o tó fún un ní mẹ́rin?"

Taofic tẹ orí ba. "Rárá, bàbá. Ibi tí ẹ kú sí ni mo dúró sí."

"Olùkọ́ tó ń fún ìwé ní nóòtì láìkà á tán! Bọ́ọ̀n, ó dáa. Jókòó."

Bàbá tan tẹlifíṣọ̀n. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó, wọ́n wo *Ogun Etí Ọ̀sà* láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Balógun kú, eṣinṣin bà lé e, ó lé e. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ibi tí Taofic kò dé rí: àwọn ọmọ ogun gbé òkú balógun sínú ọkọ̀ ojú omi, ìyá rẹ̀ sì ń pe oríkì rẹ̀ létí ọ̀sà bí ọkọ̀ ti ń lọ, títí a ò fi rí i mọ́.

Bàbá pa tẹlifíṣọ̀n. "Ó yá. Èló?"

Faïzath ń fi ojú bẹ Taofic. Ṣáà sọ ọ́. Méjìdínlógún. Ṣáà sọ ọ́.

"Mẹ́jọ, bàbá. Ibi ìyá balógun yẹn wọ̀ mí lára, mi ò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òkú yẹn, bàbá... ó lé eṣinṣin."

Sikiratou gbé ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ ńkọ́, Faïzath?"

"Bàbá..."

"Gbogbo ọdún ni mò ń bi ọ́. Mò ń bi ọ́ lónìí. Èló?"

Ogún ti dé ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo Taofic, tó jókòó síbẹ̀ tí òógùn bò, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn tó wá kàn, ojú sì ti Faïzath ju ti ìgbàkígbà lọ.

"Mẹ́fà," ni ó wí. "Mẹ́fà ni, bàbá mi. Ẹ má bínú. Mẹ́fà ló ti jẹ́ láti kékeré mi."

Bàbá Ramanou fi ọwọ́ nu ojú, bóyá òógùn ni, bóyá kì í ṣe òógùn. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò gbé ohùn sókè.

"Ẹ̀yin ò mọ ohun tó bà mí lẹ́rù báyìí. Ká ní mo fi ọ́ fún Mounirou. Ká ní ìyà ń jẹ ọ́ níbẹ̀, tí mo wá kí ọ, tí mo ní, 'Ọmọ mi, báwo ni ilé ọkọ?' Ogún lórí ogún lo máa sọ fún mi. Èmi bàbá rẹ á gbà á gbọ́, n á sì máa lọ sílé mi."

Ẹkún gba Faïzath lẹ́nu. Òótọ́ ni. Ohun tó máa sọ gan-an nìyẹn.

Bàbá yíjú sí Taofic. "Ìwọ ní tìrẹ, bó bá tilẹ̀ jẹ́ ìwọ lo fi ìyà jẹ ẹ́, bí mo bá bi ọ́, wàá sọ. Àbí n kò mọ̀ ọ́n?"

"Màá sọ, bàbá."

"Sọ fún àwọn bàbá rẹ kí wọ́n máa bọ̀. Ṣùgbọ́n tí o bá tún gbé mi sínú vókálì, igi tí mo fi ń kan bẹ́ẹ̀dì pọ̀ nílé yìí o."

Taofic tún fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ẹ̀rín ló bì í ṣubú. Sikiratou ti ń nu ojú pẹ̀lú etí ìró, ó ń sọ pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọmọlúàbí ni, irọ́ tí gbogbo ilé dárí rẹ̀ jì í.

"Faïzath," ni bàbá wí, ó tún tan tẹlifíṣọ̀n, "sún mọ́ mi níbí. Níbo ni kò ti dáa?"

Faïzath wo ojú bàbá rẹ̀ bóyá eré ni. Kì í ṣe eré. Ó fa àga sún mọ́ ọn, ó nu imú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un.