Àtàǹpàkò Lórí Ìda

Ọta ìbọn tí mo fi ọwọ́ ara mi dì, àmì àtàǹpàkò ọkọ mi ni mo bá lórí ìda rẹ̀. Àrẹ̀mú sì ti kú, a ti sin ín.

Mo mọ àtàǹpàkò yẹn dáadáa. Irin ló là á sí méjì nígbà tó ń ṣe mẹkáníìkì ní Oloumi, ní Libreville níbí, àpá rẹ̀ sì gùn gbọọrọ. Nígbà tí owó Séfà já wálẹ̀, tí ọta ilé ìtajà di ohun tí ọdẹ kàn ń wò lókèèrè, ni Àrẹ̀mú bẹ̀rẹ̀ sí í di ọta nílé wa ní àdúgbò PK8. Á da ẹ̀tù dúdú sínú èèpo ọta tí wọ́n ti yìn, á fi páálí tẹ̀ ẹ́, á da òjé wẹ́wẹ́ lé e, á tún fi páálí bò ó. Lẹ́yìn náà ni á kán ìda àbẹ́là sí ẹnu rẹ̀ kí ọ̀rinrin má baà wọlé, á sì fi àtàǹpàkò tẹ ìda náà kó tó tutù. Àmì rẹ̀ nìyẹn. Inú agolo tó ní ìrẹsì yíyan nísàlẹ̀ ló ń kó wọn sí, torí òjò Libreville kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dá.

Ìbọn ló fọ́ mọ́ Àrẹ̀mú lójú, tó fi kú. Wọ́n ní ẹ̀tù tó dì ló pọ̀ jù. Mo ní irọ́ ni, mo sì jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀ nítorí oúnjẹ ọmọ.

N kò tíì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ tí àbúrò rẹ̀, Adéyẹmọ, tó máa ń bá a ra ẹ̀tù, fi dé. Ó fẹ́ ṣú mi lópó, ó sì fẹ́ kó irinṣẹ́ lọ. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn, n kò pe orúkọ rẹ̀ rí. Bàbá Kékeré ni mò ń pè é, bí ìyàwó ilé ti ń ṣe.

"Ìyá Ornella," ó rọra wí nígbà tó rí àpá náà lórí ìda, "o ò rí i? Ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ kí obìnrin fọwọ́ kan ẹ̀tù. Fi sílẹ̀ fún mi. C'est fini, ó ti parí."

"Bàbá Kékeré, ẹ má bínú. Èmi kì í ṣe agolo tí ẹ máa gbé lọ."

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́. Nígbà tó lọ tán, mo dojú kọ agolo. "Àrẹ̀mú, tó bá jẹ́ ìwọ ni, má dẹ́rù bà mí nídìí oúnjẹ ọmọ rẹ. Sọ ohun tí o fẹ́, tàbí kí o lọ sinmi." Mo sì ń di ọta mi lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Clément ọdẹ wá gba ọta rẹ̀. Mo ṣí agolo. Àwọn ọta tí mo fi ẹ̀tù tí Adéyẹmọ rà kẹ́yìn fún Àrẹ̀mú dì, ìda wọn ti ṣí kúrò pátápátá. Àwọn tí mo fi ẹ̀tù àtijọ́ dì wà digbí, àpá Àrẹ̀mú lórí wọn.

Mo da díẹ̀ nínú ẹ̀tù tuntun náà sórí àwo, mo ṣáná sí i. Ẹ̀tù dúdú a máa bú gbàù lẹ́ẹ̀kan, èéfín rẹ̀ a sì máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Èyí kàn ń jó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, kò léèéfín.

Clément sún sẹ́yìn. Ó sọ fún mi ní Faransé, wúyẹ́wúyẹ́, pé ẹ̀tù inú ọta ilé iṣẹ́ nìyẹn, pé ẹni tó bá fi òṣùwọ̀n ẹ̀tù dúdú wọ̀n ọ́n, ìbọn á fọ́ mọ́ ọn lójú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Nígbà tí Adéyẹmọ padà wá, mo ti fi ìda tuntun dí ọ̀kan nínú àwọn ọta náà, ìda ọ̀hún sì ti tutù tipẹ́. Mo gbé e lé e lọ́wọ́, mo sì gbé ìbọn tí mo yá lọ́wọ́ Clément fún un.

"Ẹ bá mi yìn ín sókè."

Òógùn bò ó. Kò jẹ́ fi ọta náà sínú ìbọn. "Ẹ̀tù dúdú ti wọ́n jù," ó wí. "Èyí ni mo rí rà. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi á mọ ìyàtọ̀."

"Èyí tó kù ńkọ́, tí o ń wò mí tí mò ń dì í?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà.

"Adéyẹmọ!" Orúkọ náà jáde lẹ́nu mi, ilé sì gbọ́. "Dìde kúrò nílé mi. O ò ní ṣú mi lópó. Ibí ni mo máa wà, ọta ni mo máa dì."

Ó ju ọta náà sílẹ̀. Ìda kù sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ń yọ́, àmì àtàǹpàkò Àrẹ̀mú sì wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú àpá tó là á sí méjì. Ó ń fi ẹ̀wù nù ún títí tó fi dé títì. Àmì náà kò parẹ́.

Àtàǹpàkò tèmi ló ń wà lórí ọta mi báyìí. Wọ́n ní Adéyẹmọ ti kó lọ sí àdúgbò Awendjé, pé tó bá ń kí àgbà pàápàá, kì í yọ ọwọ́ ọ̀tún lápò.