Bí Alápá Ṣe Di Alápàá

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó lè jáde síta lákòókò ìsinmi, ìdí nìyẹn tí ìwé tí mo ń ya ìtàn sí fi rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Láti orí tábìlì mi lẹ́bàá fèrèsé, ó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn títí ó fi dé ọwọ́ ọmọbìnrin tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Rédíò, torí pé kò ní bọ́tìnnì tí a lè fi pa á. Ó gbé ìwé náà sókè, ó sì ka àkọlé tí mo kọ gàdàgbà sí iwájú rẹ̀.

"Alápàá," ó ní.

Alápàá, ẹni tó ní àpá, kọ́ ni mo ní lọ́kàn. Alápá ni, ọmọbìnrin tí apá òsì rẹ̀ lágbára tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè gbé ohun tí géńdé mẹ́ta kò lè gbé. Ṣùgbọ́n n kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Tíṣà èdè wa ti fa ìlà pupa sábẹ́ irú àṣìṣe yìí fún mi láìmọye ìgbà. Ó máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì ohùn dà bí ilẹ̀kùn tí a kò tì, ẹni tó bá wù ló máa wọlé. Rédíò ló kọ́kọ́ wọlé.

Mo ti ya apá òsì aṣọ ọmọbìnrin náà kí ó gùn ju ti ọ̀tún lọ, kí ó bo ìka rẹ̀ pátápátá. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ torí pé kò fẹ́ kí àwọn ènìyàn rí agbára rẹ̀ kí wọ́n máa bẹ̀rù rẹ̀. Rédíò fi ìka kan ibẹ̀. "Abẹ́ ibí yìí ni àpá náà wà," ó ní. "Ta ló dá a sí i lára?"

Gbólóhùn kan péré ni ì bá parí rẹ̀. Ó yẹ kí n sọ fún un pé ó ṣì í kà. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí, láti ìgbà tí ọdún sì ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí ní ohunkóhun nínú kíláàsì náà ju pé kí n yá wọn ní rúlà. Wọ́n ti yí tábìlì mi ká báyìí, aṣọ wọn tútù díẹ̀, gbogbo wọn ń retí ohun tí màá sọ. Mo ní kí wọ́n dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bí mo bá sọ pé inú orí mi ni mo ti rí apá aṣọ gígùn náà, irọ́ ni. Ara ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti rí i. Tíṣà tó ń kọ́ wa ní àwòrán, ọkùnrin kúkurú kan tí ṣọ́ọ̀kì kì í wọ́n ní irùngbọ̀n rẹ̀, ti sọ fún wa pé ẹni tí a bá yà sínú ìwé kò lẹ́nu, nítorí náà ohun tó wọ̀ àti ohun tó gbé dání ni yóò bá a sọ̀rọ̀. Àrokò ni gbogbo rẹ̀, ó ní; bí ẹ bá dé e ní fìlà, ẹ mọ ìdí tó fi dé e. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo àwọn ará ilé wa bí ẹni ń ka ìwé.

Alágbàfọ̀ ni ìyá wa. Yàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù, tábìlì gígùn kan sì wà níbẹ̀ tí a tẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sí, tí a wá tẹ́ aṣọ funfun lé e lórí. Ojú áyọ́ọ̀nù ti tẹ àmì pupa rẹ́súrẹ́sú sára aṣọ funfun náà bí ojú ẹsẹ̀ ẹran. Okùn mẹ́fà la ta láti ògiri dé ògiri. Ibi tí mo bá gbà kọjá lónìí tí mo gbọ́ òórùn sítáàṣì àti ooru aṣọ tí a ń lọ̀, ẹsẹ̀ mi a fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Mo ti gbé ilé tó dára ju ìyẹn lọ láti ìgbà náà. Kò sí èyí tó ní irú òórùn bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ. Ó ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ láti ran Màámi lọ́wọ́, torí bàbá wa ti kú kí n tó mọ ojú rẹ̀. Ooru mú tàbí kò mú, apá aṣọ rẹ̀ kì í kúrò ní ọrùn ọwọ́. Láti ibẹ̀ dé ìgúnpá òsì, awọ ara rẹ̀ sún kì, ó sì ń dán. Ojú àpá kì í jọ ojú ara. Omi gbígbóná ló dà sí i lára, ohun tí a máa ń sọ fún ará ìta nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí kò sí iná, tí a jókòó sáàárín aṣọ tí a ti ká, ló sọ òótọ́ fún mi. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Ó ní lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, Màámi kò tíì sùn láti ọjọ́ méjì, torí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń bọ̀ wá gba aṣọ wọn lówùúrọ̀. Ó ń tòògbé lórí ìdúró, áyọ́ọ̀nù sì wà létí tábìlì. Ọmọ ọdún méjì kan ń ṣeré lábẹ́ tábìlì, ó rí okùn áyọ́ọ̀nù, ó sì fà á. Orí ọmọ náà ni áyọ́ọ̀nù ń bọ̀ wá bà. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, na apá rẹ̀ sáàárín.

Ọmọ ọdún méjì náà, èmi ni.

Nígbà tí wọ́n dé ọsibítù, Màámi sọ pé omi gbígbóná ni. Ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á ní kò lè tọ́jú ọmọ, pé wọ́n á gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kìlọ̀ fún mi pé ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ kọjá àárín àwa mẹ́ta, torí orúkọ ìyá wa ló wà níbẹ̀. Mo ṣèlérí.

Ìlérí yẹn ló wà lọ́kàn mi bí mo ṣe jókòó láti kọ ìtàn Alápàá. N kò gbàgbé rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo kàn rò pé bí mo bá yí i padà díẹ̀, kò ní jẹ́ òun mọ́. Ìyá tó rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá, akọni obìnrin inú ìwé sì gbọ́dọ̀ ní ọ̀tá. Nítorí náà mo sọ ìyá Alápàá di ìkà tó mọ̀ọ́mọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù lé ọmọ lápá. Mo ya èékánná gígùn fún un, mo sì fi báírò pupa kùn ún títí ìwé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Èyí ni àrokò ìkà. Mo fá apá kan irun Alápàá, kí a lè mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ló gé e nígbà ìbínú. Mo fi bọ́tìnnì méje kọ́ ọ lọ́rùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọdún kan tí kò sunkún. Áyọ́ọ̀nù náà, tiwa ni mo yà gan-an, pẹ̀lú okùn tí a fi so ọwọ́ rẹ̀ tó ti kán.

Ọmọ kékeré abẹ́ tábìlì ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi pẹ́ńsù yà á, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì pa á rẹ́.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ìwé náà kì í sùn nínú àpò mi mọ́. Ọmọkùnrin kan ní bó bá jẹ́ pé Alápàá ló ń kọ́ni ní ìṣirò, òun ì bá ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Rédíò di ọ̀rẹ́ mi, ó ń bá mi gbé àpò. Lọ́jọ́ kan tí a ń lọ sílé, ó wò mí fín-ín-fín.

"Ilé alágbàfọ̀ ni Alápàá ń gbé," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n ẹ náà kì í ká apá aṣọ."

Mo kàn rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó mọ ohun tí kò fẹ́ sọ. Ẹ̀rín yẹn ni mo fi ta ìyá mi.

Ìyá olóògùn tó wà ní ìkángun òpópó ló kọ́kọ́ wá kó aṣọ rẹ̀, omi ṣì wà lára wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì kan, lẹ́yìn nọ́ọ̀sì ni tọkọtaya kan tí Màámi ti ń fọṣọ fún láti ìgbà ìgbéyàwó wọn. Wọn kò jà. Wọ́n ń fi ètè lásán kí i, wọ́n sì ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà pé ẹ̀bùn ni ọmọ, ó yẹ kí èèyàn máa fi sùúrù tọ́ wọn. Màámi ní àmín, kò mọ ohun tó ń ṣe àmín sí. Okùn mẹ́fà di mẹ́rin, mẹ́rin di méjì. Ó ní bóyá òjò ló fà á.

Nínú iṣẹ́ wa, ṣòkòtò kì í wọ omi kí a tó yí àpò rẹ̀ síta. Ẹ̀gbọ́n mi ti rí ìwé ìfẹ́ níbẹ̀ rí, ó ti rí eyín. Ní ọjọ́ Sátidé kan, nínú ṣòkòtò ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan, ó rí ìwé mi tí wọ́n ká sí méjì. Ó kà á lórí ìdúró. Nígbà tó parí, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó ń ṣí i ní ojú-ewé kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá bọ́tìnnì tó já.

"Ọmọ tó fa okùn dà?" ó bi mí. "Mo wá a títí, mi ò rí i."

Omi tí mo ń rọ sínú báàfù ti kún, ó ń dà sílẹ̀.

"Àpá mi lo mú," ó ní. "Màámi lo dá lẹ́bi. Ìwọ nìkan lo yọ kúrò níbẹ̀."

Kò pariwo. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka orúkọ tí a kọ sára aṣọ oníbàárà. Màámi wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó bèèrè irú ìwé wo nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi í pamọ́ sábẹ́ aṣọ, ṣùgbọ́n Màámi ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí òun ti ń gbọ́ nípa ìwé kan lẹ́nu àwọn èèyàn, kí ẹni tó kọ ọ́ kà á fún òun. Màámi kò mọ̀wé kà.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó lórí àpótí kékeré kan, tí mo sì ka Alápàá fún ìyá mi. Nígbà tí mo dé ibi tí ìyá ti gbé áyọ́ọ̀nù lé ọmọ lápá, mo fẹ́ fò ó. Ó gbọ́ ìró ojú-ewé. "Méjì lo ṣí pọ̀," ó ní. Mo padà, mo kà á. Nígbà tí mo tán, ó ní kí n fi àwòrán han òun. Ó wo Alápàá pẹ́, ó ní ọmọ náà dára. Lẹ́yìn náà ló fi ìka kan èékánná pupa.

"Ìyá yìí kò fọṣọ rí," ó ní. "Ẹni tó bá ń fọṣọ, omi á ti jẹ èékánná ẹ̀."

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà, kí n lè rí ìyàtọ̀. Kò bá mi wí. Bí ìgbà tó ń kọ́ mi bí a ṣe ń lọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ni. Omi ti jẹ èékánná rẹ̀ dé ẹran, awọ ìka rẹ̀ sán, sítáàṣì sì wà nínú sísán náà. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọwọ́ yẹn ti ń bọ́ mi. N kò yà á rí.

Rédíò gbà mí nímọ̀ràn pé kí n dákẹ́, pé wọ́n á gbàgbé, ó sì dájú pé wọ́n á tún máa fẹ́ràn mi bí mo bá dákẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, kí tíṣà tó wọlé, mo dìde. Mo sọ pé Alápá ni orúkọ náà. Mo sọ pé ìyá mi kò fi áyọ́ọ̀nù jó ẹnikẹ́ni rí, pé èmi ni mo fa okùn, pé apá ẹ̀gbọ́n mi ni kò jẹ́ kí n kú. N kò sọ̀rọ̀ náà kí n tó gbàṣẹ lọ́wọ́ Màámi àti ẹ̀gbọ́n mi. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹlòmíràn ní mo ti ba ìtàn jẹ́. Rédíò nìkan ni kò sọ nǹkan kan, ó dákẹ́ bí ẹni tí iná ti lọ mọ́ lórí. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ parí, ó bá mi lọ sọ́dọ̀ ìyá olóògùn, ó sì bá mi lọ sí ilé mẹ́ta mìíràn.

Àwọn kan gbà wá gbọ́. Àwọn kan ní ìyá mi ló rán mi kí n wá bo òun láṣìírí. Ẹyin lohùn. Ṣọ́ọ̀bù náà kò pé ọdún mọ́ tó fi kógbá sílé. Màámi lọ ń fọṣọ ní ilé ìtura kan, èmi náà kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ọ̀sán, mo ń lọ aṣọ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀, mo sì wọ ilé ẹ̀kọ́ alẹ́. Rédíò ṣe ìdánwò àṣejáde pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wa. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni mo tó ṣe tèmi.

Láti ọjọ́ tó ti rí ìwé náà, ọ̀rọ̀ ọṣẹ, ọ̀rọ̀ omi àti ọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù ni ẹ̀gbọ́n mi ń bá mi sọ. Kò ṣàìdáa sí mi. Ó ń bu oúnjẹ fún mi, ó ń jí mi lówùúrọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, kò bá mi sọ ọ́ mọ́. Ọdún kan àti oṣù méje ni. Mo kà á.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń kó ìwé mi, ó wọ bàtà, ó ní òun náà fẹ́ lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́. A jọ ń lọ. Oòrùn kò tíì wọ̀ tán. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti tóbi, tí kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó dúró.

"Àbúrò," ó ní, "nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ fún ẹ. Mi ò tíì sọ ọ́ fún Màámi pàápàá."

Mo ti kọ ìtàn púpọ̀ láti ìgbà náà, mo sì ń ya àwòrán fún àwọn ọ̀dọ́ bíi yín. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ kò pọ̀. Ẹni tí ẹ dá sílẹ̀ nínú ìwé lè ní àpá tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n bí àpá náà bá ti ara ẹlòmíràn wá, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kí ẹ má sì pa ara yín rẹ́ kúrò níbi tí ẹ wà nígbà tó ṣẹlẹ̀.

Ní ti ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ ọ. Ẹ kò ní kà á níhìn-ín.