Ọwọ́ Tó Wà Nínú Gíláàsì

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. N kò bù mọ́ ọn. Ilé tó ti ṣẹlẹ̀ wà ní Ìkẹ́nnẹ́, obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì ń gbé inú rẹ̀, ẹni kejì tó fojú ara rẹ̀ rí i sì ní ṣọ́ọ̀bù ní Ṣàgámù, ní ojú ọ̀nà tó lọ sí Sábó. Àwọn méjèèjì kì í fẹ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Bí ènìyàn bá bi wọ́n, wọ́n á kọ́kọ́ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló jẹ́ kí n gbà wọ́n gbọ́.

Modúpẹ́olúwa Olúsànyà ni obìnrin náà ń jẹ́. Olùkọ́ ni ní yunifásítì kan tí kò jìnnà sí ìlú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Olúdọ̀tun ọkọ rẹ̀ bá Ephraim, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, jáde. Wọ́n fẹ́ lọ wo ilẹ̀ kan ní Símáwà. Ephraim nìkan ló padà. Ó ní òun já àbúrò òun sílẹ̀ létí ọ̀nà márosẹ̀, pé ó fẹ́ wọkọ̀ lọ sí Èkó. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó rí Olúdọ̀tun mọ́. Wọ́n wá a títí. Wọ́n dé àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n dé ilé ìwòsàn, wọ́n dé yàrá òkú. Fóònù rẹ̀ kò dún mọ́.

Nígbà tó pẹ́, Ephraim ní kí ẹbí gbà pé ó ti kú. Àgbà ìjọ ni Ephraim, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń tà láàárín wọn. Ó ní kò dára kí opó máa retí ẹni tí kò ní í bọ̀. Modúpẹ́olúwa ní òun kì í ṣe opó. Ó jà á títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbẹ̀yìn, wọ́n ṣe ìsìn ìrántí. Wọ́n kọrin, wọ́n gbé òkúta funfun sí itẹ́ òkú ìdílé ní Màkún, wọ́n sì gbẹ́ orúkọ Olúdọ̀tun sí i lára. Erùpẹ̀ lásán ló wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ephraim kó wọ inú ilé tí àbúrò rẹ̀ kọ́ sí Màkún. Owó tí ilé iṣẹ́ Olúdọ̀tun san ni wọ́n gbé fún ìyàwó rẹ̀.

Owó òkú ni Modúpẹ́olúwa máa ń pè é. Bí ẹni ń tu ewúro dànù lẹ́nu ló ṣe máa ń sọ ọ́. Owó yẹn ló fi ra kọ̀ǹpútà.

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni, èyí tí síkírìn rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, nítorí pé ojú ti ń dùn ún, ìwé tó ń kọ fún oyè ọ̀mọ̀wé kò sì tíì parí. Ọwọ́ Hàmdálátù ló ti rà á, obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù tí mo wí lẹ́ẹ̀kan. Páálí rẹ̀ kò tíì ṣí. Àsìkò ọyẹ́ ni. Ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó so wáyà rẹ̀, ó tan án. Ojú rẹ̀ mọ́ bí àwo tuntun.

Ó ṣí ojú ewé funfun kan láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà náà ló rí i. Àbàwọ́n kan wà lápá ọ̀tún. Kò dúdú tán. Ó dà bí ìgbà tí epo bá kán sórí ìwé. Ó fi aṣọ nù ún, kò kúrò. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Àbàwọ́n náà wà níbẹ̀.

Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Hàmdálátù. Hàmdálátù kò jiyàn. Ó ní kó gbé e wá, pé gárántì wà fún un, pé ó ní láti jẹ́ pé nǹkan wúwo kan ló tẹ̀ ẹ́ nínú ọkọ̀ tó kó ọjà wá. Ó já páálí mìíràn lójú rẹ̀. Àwọn méjèèjì tan síkírìn kejì yìí nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n wò ó lórí funfun, wọ́n wò ó lórí pupa, wọ́n wò ó lórí dúdú. Ó mọ́ tónítóní.

Nígbà tó dé ilé, kò tíì kọ ju ìpínrọ̀ kan lọ tí òmíràn fi yọ. Apá òsì ni èyí wà. Ó jókòó, ó ń wò ó. Ó ní inú ló kọ́kọ́ bí òun, bí inú ṣe máa ń bí ẹni tó fi owó tí kò dùn mọ́ ọn ra ọjà tí kò dára.

Ó ya fọ́tò òun náà, ó sì gbé síkírìn náà padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Lọ́tẹ̀ yìí, Hàmdálátù fajú ro. Ó rọra bi í bóyá ọmọdé kan wà nílé tó máa ń fọwọ́ kan nǹkan.

"Kò sí ọmọ nílé mi," Modúpẹ́olúwa wí.

Hàmdálátù gba síkírìn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun fúnra òun máa gbé ẹ̀kẹta wá, pẹ̀lú wáyà tòun, kí òun lè mọ̀ bóyá iná ilé ló ń bà á jẹ́.

Ọ̀sán gangan ló dé. Oòrùn wà lójú ọ̀run, ṣùgbọ́n ọyẹ́ bò ó, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì funfun bí eérú. Ó kọ́kọ́ so síkírìn náà mọ́ kọ̀ǹpútà kékeré tó gbé lọ́wọ́. Ó mọ́. Ó wá so ó mọ́ kọ̀ǹpútà Modúpẹ́olúwa. Ó mọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ọ̀rọ̀ ti parí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà rẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ kan ti ń dún lẹ́yìnkùlé aládùúgbò kan láti àárọ̀. Ó dákẹ́ lójijì. Àdúgbò pa lọ́lọ́. Kò sí ohùn ewúrẹ́, kò sí ohùn ọ̀kadà. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni wọ́n gbọ́ ohùn kan. Ohùn tín-ín-rín ni. Bí ìgbà tí èékánná bá kan gíláàsì.

Láti inú síkírìn ló ti wá.

Àwọn méjèèjì yíjú sí i. Ó kọ́kọ́ dà bí òjìji, láàárín gbùngbùn. Lẹ́yìn náà ó ṣú díẹ̀díẹ̀. Ohun róbótó kan wà lókè, ohun tó gùn díẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ìgbà tí ènìyàn bá fi iwájú orí àti imú ti fèrèsé, kó lè rí inú ilé.

"Ẹ rí i, àbí?" Modúpẹ́olúwa béèrè.

"Mo rí i."

"Kí ni?"

Hàmdálátù ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí tábìlì. Ó ń fa wáyà rẹ̀ yọ kíákíá. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń ta kọ̀ǹpútà. Òun ti rí síkírìn tó là. Òun ti rí èyí tó ní ìlà gbọọrọ. Òun ti rí èyí tó kú látinú páálí. Òun kò rí èyí tó ń wo ènìyàn rí.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a padà."

"Gárántì ńkọ́?"

"Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gárántì."

Kò mu omi tí wọ́n gbé fún un. Ó jáde, kò wẹ̀yìn.

Modúpẹ́olúwa dá jókòó. Fọ́tò àbàwọ́n méjì àkọ́kọ́ ṣì wà lórí fóònù rẹ̀. Ó kó wọn sórí kọ̀ǹpútà, ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ibi tó wà gan-an, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ẹ̀kẹta wà láàárín wọn fúnra rẹ̀. Ọwọ́ méjì àti ojú kan. Ẹnì kan ló fara ti gíláàsì láti ẹ̀yìn, tó ń yọjú síta.

Ó wo ọwọ́ tó wà lápá ọ̀tún. Ìka kékeré rẹ̀ kò gùn tó bó ṣe yẹ. Ìdajì ni.

Ẹ̀rọ ìlọta ìyá Olúdọ̀tun ló gé ìka kékeré ọwọ́ òsì rẹ̀ nígbà èwe. Modúpẹ́olúwa mọ ìka yẹn ju bó ṣe mọ tirẹ̀ lọ. Bí ọkọ rẹ̀ bá dojú kọ ọ́, apá ọ̀tún Modúpẹ́olúwa ni ọwọ́ òsì yẹn máa ń wà.

Ó pẹ́ kó tó na ọwọ́. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé àbàwọ́n náà. Ìka mẹ́rin pàdé ìka mẹ́rin. Ìka kékeré tirẹ̀ nìkan ló kọjá. Gíláàsì náà gbóná, ó gbóná bí ara ènìyàn.

Kò sunkún. Ó ní ohun tó kọ́kọ́ wá sí òun lọ́kàn ni òkúta funfun yẹn.

Lọ́jọ́ ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ó lọ bá Ephraim ní Màkún. Ó bá a ní pálọ̀, lórí àga tí Olúdọ̀tun rà. Ó kí i, ó jókòó. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní òun ra kọ̀ǹpútà tuntun, síkírìn rẹ̀ sì ní àléébù, òun sì fẹ́ kí wọ́n bá òun wò ó. Ó na fóònù tó fi ya síkírìn náà sí i.

Ephraim gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀. Ó wo fọ́tò náà. Ó wò ó pẹ́. Modúpẹ́olúwa ń retí pé yóò rẹ́rìn-ín, tàbí kó ní kí àwọn gbàdúrà. Kò ṣe ọ̀kankan.

"Ta ló tún rí i?"

"Ẹni tó tà á fún mi, Bọ̀dá."

Ephraim bojú wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, níbi tí ìyàwó rẹ̀ wà. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé ó ti sọ̀rọ̀?"

Modúpẹ́olúwa dìde lórí àga.

"Ta ni, Bọ̀dá?"

Ephraim bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ta ni ẹ ń béèrè bóyá ó ti sọ̀rọ̀?"

Ó da ojú fóònù náà délẹ̀ lórí tábìlì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sáré sáré. Ó ní iná ìlú ló ń ba àwọn nǹkan báyìí jẹ́. Ó ní òun yóò ra òmíràn fún un, èyí tó dára ju ìyẹn lọ, kó sáà gbé èyí wá, òun fúnra òun ni yóò mọ bí òun yóò ṣe ṣe é. Modúpẹ́olúwa ní rárá. Ó tún un sọ. Modúpẹ́olúwa tún ní rárá.

"Ìyàwó wa, mo bẹ̀ ọ́."

Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wọn, kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu Ephraim rí.

"Èmi náà bẹ̀ yín nígbà kan," ó wí. "Mo ní kí ẹ má gbé òkúta yẹn. Ẹ kò gbọ́."

Ó mú fóònù rẹ̀, ó jáde.

Ó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀gá tó bá níbẹ̀ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ó béèrè bóyá Ephraim dárúkọ ẹnì kan. Modúpẹ́olúwa ní kò dárúkọ. Ó béèrè bóyá ó jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ó ní kò jẹ́wọ́. Ọ̀gá náà tún wo fọ́tò síkírìn tó bàjẹ́, ó dá fóònù padà, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ kí i kú ìfaradà. Ó ní ikú ọkọ kò rọrùn.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Ephraim kó kúrò ní Màkún. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Èkó ló lọ. Kò dágbére fún ìjọ. Àwọn ará àdúgbò sọ pé kó tó lọ, ó pe káfíńtà. Gbogbo gíláàsì tó wà lójú fèrèsé ilé náà ló ní kó yọ, kó sì kan pákó dí wọn. Ó ní kó fọ́ gíláàsì náà, kó rì wọ́n mọ́lẹ̀. Káfíńtà béèrè ìdí rẹ̀. Ephraim ní kó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Modúpẹ́olúwa kò gbé síkírìn náà lọ síbì kankan. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, yóò tan án. Ó ń kọ ìwé rẹ̀ ní àyè tó ṣẹ́kù létí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó jù ú nù, kó ra òmíràn, kó dẹ̀ wá ẹlòmíràn fẹ́ pẹ̀lú. Modúpẹ́olúwa kọ̀. Ó ní ẹbí ọkọ òun ti kọ́ òun nígbà kan pé kí òun má retí mọ́, òun sì gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Òun kò tún ní í gbọ́ràn bẹ́ẹ̀ mọ́.

Láìpẹ́ yìí ni nǹkan mìíràn bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ ibi tí imú wà, gíláàsì náà máa ń ṣú. Kì í ṣe dúdú. Funfun ni, bí ìrì. Ó fi aṣọ nù ún, kò mọ́, nítorí pé láti inú ló ti wá. Yóò bo ọ̀rọ̀ tó ń kọ, yóò sì lọ. Yóò tún dé. Yóò tún lọ. Bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn rìn wá, tó ń wá èémí kó tó lè jẹ́ iṣẹ́ tó gbé wá.

Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, Modúpẹ́olúwa á pa fáànù. Á pa rédíò. Á fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, á sì fi etí lé gíláàsì.

Mo bi í léèrè lánàá. Ó ní òun kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ó ní ṣùgbọ́n èémí náà ti ń yára sí i.