Ìṣubú Inú Oko Ìrèké

"Má pe ìyá ẹ o," ni Bàbá Salvu wí, bó ṣe ń nu iyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu. "Òòrùn ló pa mí."

Katrin mọ̀ pé kì í ṣe òòrùn. Ìṣojú rẹ̀ ni bàbá àgbà rẹ̀ ṣubú gbì sẹ́gbẹ̀ẹ́ katakata, tí kò tilẹ̀ mọ ibi tó wà fúngbà díẹ̀. Ìṣojú rẹ̀ náà ni dókítà ti sọ fún wọn ní ilé ìwòsàn kan ní Brisbane pé ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde nínú ọkàn bàbá ti fún. Wọn ò ní la àyà rẹ̀; ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọn yóò tì gba iṣan itan rẹ̀, tí wọn yóò fi gbé ilẹ̀kùn tuntun débẹ̀. Dókítà wá fi kún un pé, "Àmọ́ bó bá dákú pẹ́nrẹ́n, ẹ pè wá lójú ẹsẹ̀. A ò ní dúró de ọjọ́ tá a dá fún iṣẹ́ abẹ náà."

"Bàbá, dókítà ní..."

"Ṣé dókítà ní ìrèké lóko ni? Tó o bá sọ fún Jísà ìyá ẹ, ọ̀la ló máa jù mí sínú bàálù lọ sí Brisbane. Ta ló máa wá kọ́ ẹ ní katakata?" Ó ṣẹ́jú sí i. "Ó yá, gun òkè. Ìwọ lo máa wà á délé."

Ohun tó ti ń wu Katrin láti kékeré nìyẹn. Ó gùn ún.

Bí wọ́n ṣe ń jẹ ọbẹ̀ ehoro lálẹ́, Jísà ìyá rẹ̀ béèrè pé, "Ara Bàbá le lóko?"

"Ó le, Màmá."

Bàbá fi ẹsẹ̀ tọ́ ọ lábẹ́ tábìlì, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, bàbá lọ bomi rin tòmátì lẹ́yìnkùlé, kò wọlé mọ́. Katrin ló rí i nílẹ̀, tí omi ṣì ń ṣàn lẹ́bàá rẹ̀. Àwọn tó gbé ọkọ̀ aláìsàn wá tẹ àyà rẹ̀ títí, òógùn bò wọ́n, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Jísà ń ká ẹ̀wù bàbá, ó dáwọ́ dúró. "Ohun tí ò yé mi ni pé kò dákú rí. À bá ti gbé e lọ sílé ìwòsàn."

Katrin ì bá dákẹ́. "Ó dákú, Màmá. Lóko. Ó ní kí n má sọ."

Jísà fi ẹ̀wù náà bojú, ó ké. Kò nà án, kò bú u. Ó na ọwọ́ láti gbá a mọ́ra, ọwọ́ náà dúró lágbede méjì, kò dé ara ọmọ.

Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ìfẹ́ tí Katrin ní sí bàbá àgbà rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tá a fẹ́ràn bá ní ká bá òun fi àìsàn pamọ́, ká sọ ọ́ síta. Kó bínú, kó má bá wa sọ̀rọ̀, kó ṣáà wà láàyè.