Yàrá Ẹyẹ Ọ̀kín ní Àmúwò

"Ta ló ní kí o tẹ́ ìdọ̀tí yìí sórí ibùsùn mi? Mò ń bá ọ sọ̀rọ̀, Àpèkẹ́! Ta ló rán ọ?"

Díákónì Akínfẹ́nwá ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé kan lọ́dún 2006, ní Fẹ́sítáàkì, tí gbogbo ilé tó wà ní kúlóòsì wọn sì ń gbọ́. Ohun tó pè ní ìdọ̀tí ni aṣọ ibùsùn àrán pupa kan tí ìyàwó rẹ̀ fi oṣù méjì rán, tó fi òwú aláwọ̀ wúrà ya ẹyẹ ọ̀kín ńlá sí àárín rẹ̀. Ó wọ́ aṣọ náà kúrò lórí ibùsùn, ó sì jù ú sí ẹsẹ̀ obìnrin náà lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Dádì Débọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ lásán ni. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń sùn nínú yàrá funfun! Ògiri funfun, kọ́tìnnì funfun, bí ẹni tí wọ́n dá dúró sí ọsibítù!"

"Ọsibítù yẹn tẹ́ mi lọ́rùn! Ìyàwó díákónì ló fẹ́ sọ yàrá di ilé ijó? Ojú ò tì ọ́, àgbàyà! Bí mo bá tún rí àwọ̀ kan nínú yàrá yìí, Ọlọ́run ń gbọ́ mi, ìwọ àti àwọ̀ náà lẹ jọ máa jáde!"

Ilé tó fẹ́ lé e jáde nínú rẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí inú tó bí mi jù, orúkọ Àpèkẹ́ ló wà lára ìwé rẹ̀. Òun ni ìjọba pín in fún nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní mínísírì. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí Àpèkẹ́ ti gbàgbé ìwé. Ó tẹrí ba, ó ń ṣa aṣọ rẹ̀ nílẹ̀.

Ìgbà náà ni Ṣìmí sáré jáde láti ilé ìdáná, ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

"Ẹ má bínú, Dádì, ẹ foríjì wọ́n. Mọ́mì, ẹ kó o wá, mo máa bá yín ká a."

Ẹni tó bá rí i lórí ìkúnlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn yóò súre fún un. Èmi ò ní súre fún un, nítorí mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n Àpèkẹ́ ni Ṣìmí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, tí Àpèkẹ́ mú un wá sí Fẹ́sítáàkì, tó sì tọ́ ọ pọ̀ mọ́ Débọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí òun fúnra rẹ̀ bí, tó ti wà ní Kánádà báyìí. Ṣìmí ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan, ó sì ti gba fúláàtì tirẹ̀ ní Àmúwò, ṣùgbọ́n kò sí òpin ọ̀sẹ̀ kan tí kì í wá jẹun lọ́dọ̀ Mọ́mì.

Láti ìgbà tí Àpèkẹ́ ti fẹ̀yìn tì ló ti ní ṣọ́ọ̀bù ní Alákijà, níbi tó ti ń rán kọ́tìnnì àti aṣọ ibùsùn. Àwọn fèrèsé tó ti wọ̀ láṣọ ní Fẹ́sítáàkì kò lóǹkà. Nínú dúrọ́ọ̀ ṣọ́ọ̀bù náà ni álíbọ́ọ̀mù kan wà tí kì í fi han oníbàárà. Ọdún tó ṣègbéyàwó ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé àwòrán yàrá inú ìwé ìròyìn lẹ̀ mọ́ ọn: ògiri aláwọ̀ elésè àlùkò, kọ́tìnnì onípele mẹ́ta, dígí ńláńlá, ìrọ̀rí mẹ́wàá lórí ibùsùn kan, òdòdó lórí òdòdó. Kò fẹ́ àyè òfìfo kankan nínú yàrá tó ń lálàá rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń bẹ Ọlọ́run fún ni kó sun inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ kó tó kú. Ṣé ìyẹn náà pọ̀ jù?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìjà yẹn, Ṣìmí gbé ìròyìn wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Mọ́mì, Tòkunbọ̀ ti ní ká ṣe é ní Disẹ́ńbà."

"Tòkunbọ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù? Ẹ yin Olúwa! Ọmọ mi ń lọ sílé ọkọ! Ṣé ó ga bíi Dádì rẹ?"

Ṣìmí bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló lè ga bíi Dádì? Ó kúrú, Mọ́mì. Etí mi ló mọ." Ó wá rọra di ọwọ́ Àpèkẹ́ mú. "Mọ́mì, ẹ mọ àṣà ilé wa. Ìyá ìyàwó ló ń tẹ́ ibùsùn àkọ́kọ́ fún ọmọ rẹ̀. Mi ò ní ìyá míì lẹ́yìn yín. Gbogbo ohun tó wà nínú álíbọ́ọ̀mù yín yẹn ni mo fẹ́. Ẹ má fi ibì kankan sílẹ̀ lófìfo."

Omi ayọ̀ bọ́ lójú Àpèkẹ́. Nílé wọn lóòótọ́, ìyá ìyàwó kì í gbowó iṣẹ́ ibùsùn yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn kàn án. Ọ̀dájú ọmọ! Ó mọ̀ pé bí òun bá gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, ẹbí á béèrè ìdí. Ó sì mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè ṣe é bíi ti obìnrin yìí ní gbogbo agbègbè náà.

Ní ìrọ̀lẹ́, Àpèkẹ́ fi ìbẹ̀rù sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Ó rò pé ìjà mìíràn ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Ṣe é kó kún dáadáa," ni Akínfẹ́nwá wí, kò gbójú sókè nínú ọbẹ̀ rẹ̀. "Fi ẹyẹ ọ̀kín sí ara ògiri. Kó dígí yí i ká, bó ṣe wà ní ojú ewé kẹrin yẹn."

Inú Àpèkẹ́ dùn, ó ní ọkàn ọkọ òun ti ń rọ̀. Kò bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí ọkùnrin tí kò wọ ṣọ́ọ̀bù òun rí ti rí ojú ewé kẹrin.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ló fi ṣe yàrá náà ní fúláàtì Ṣìmí. Ó kun àjà ní àwọ̀ elésè àlùkò. Ó lẹ ìwé ẹlẹ́yẹ ọ̀kín mọ́ ògiri láti òkè dé ilẹ̀. Kọ́tìnnì onípele mẹ́ta ló fi kọ́ sójú fèrèsé, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ọsàn àti pupa, tí òwú wúrà rọ̀ wálẹ̀ létí wọn. Ó gbé dígí mẹ́jọ kọ́, ó fi aṣọ aláwọ̀ ẹkùn bo àga, ó sì tún tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì olódòdó sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tan iná, òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní bí òun ò tilẹ̀ sùn nínú rẹ̀, òun ti fi ojú rí i.

Ibùsùn ló kù. Tàjúdéènì káfíńtà ló gbé e wá láti Mazamaza. Àpèkẹ́ yọ tépù rẹ̀ láti wọn aṣọ tí yóò tẹ́ sí i, ó sì rí ẹsẹ̀ méje ààbọ̀. Ó tún un wọ̀n. Ẹsẹ̀ méje ààbọ̀ náà ni. Kò sì sí pákó kankan ní ìsàlẹ̀ ibi tí ẹsẹ̀ ń gbé.

Ẹsẹ̀ mẹ́fà ni ibùsùn gbogbo èèyàn. Láti ìgbà tó ti ń ránṣọ, ibùsùn kan ṣoṣo ló ti rán ẹsẹ̀ méje ààbọ̀ fún rí, ìyẹn ibùsùn tirẹ̀, nítorí pé Akínfẹ́nwá ga débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yọ síta.

"Tàjúdéènì, ta ló fún ọ ní ìwọ̀n yìí?"

"Ah, Mọ́mì Débọ́lá, Dádì ló wá bá mi fúnra wọn ní Mazamaza. Wọ́n ní kí n ṣe é bíi tilé gẹ́lẹ́, kí àwọn lè rí ibi na ẹsẹ̀ sí. Àbí kò dáa ni?"

"Ó dáa," ni Àpèkẹ́ wí. "Ó dáa gan-an ni."

Nígbà tí káfíńtà lọ, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín yàrá náà. Ibi yòówù tó bá wò, ara rẹ̀ ló ń rí nínú dígí, ìyá àgbà kan tó mú tépù lọ́wọ́. Ó rántí ojú ewé kẹrin. Ó rántí pé Ṣìmí ti yá álíbọ́ọ̀mù náà lọ fún odindi oṣù kan. Àwọn méjèèjì ti jókòó tì í, wọ́n ti ṣí i wò, wọ́n ti fi ìka yan ohun tí wọ́n fẹ́ nínú àlá ẹlòmíràn! Ká ní èmi ni, ǹ bá ti dáná sun yàrá náà àti ilé tó gbé e! Àpèkẹ́ dìde, ó lọ sílé, ó se oúnjẹ, ó gbé e fún ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ yọ aṣọ àrán pupa yẹn nínú àpótí, èyí tí Akínfẹ́nwá ti jù sí i lẹ́sẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ bá ibùsùn Àmúwò mu láìku ìka kan. Ó mú abẹ́rẹ́, ó sì ń rán nǹkan kún un ní ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù Nòfẹ́ńbà ni wọ́n pè fún ìyàsímímọ́ yàrá ìyàwó. Pásítọ̀ Ọláńrewájú wá pẹ̀lú àwọn ìyá ìjọ bíi méjìlá. Ìyá onílé Ṣìmí náà wà níbẹ̀. Tòkunbọ̀ kò tíì dé láti Lọ́ńdọ̀nù, Ṣìmí ní iṣẹ́ ló dá a dúró. Akínfẹ́nwá dúró gẹ́gẹ́ bíi bàbá ìyàwó, ó wọ léèsì funfun, ó mú ìgò òróró lọ́wọ́, ó ń kọrin jù gbogbo wọn lọ. Ẹ ò rí i bí ojú kò ṣe tì í!

Àwọn obìnrin ń yí ká, wọ́n ń pariwo, "Ẹ wo kọ́tìnnì! Ẹ wo ògiri! Mọ́mì Débọ́lá, ọwọ́ yín ò ní kán!" Aṣọ funfun ni wọ́n fi bo ibùsùn.

"Ìyá ìyàwó," ni pásítọ̀ wí, "ẹ ṣí ibùsùn ká fi òróró sí i."

"Pásítọ̀, àṣà ilé wa ni pé orúkọ ìyàwó àti ọkọ ló gbọ́dọ̀ wà lára aṣọ ibùsùn àkọ́kọ́. Mo ti kọ ọ́."

Ó fa aṣọ funfun náà kúrò. Lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ ọ̀kín, lára àrán pupa, lẹ́tà wúrà tó gùn tó ọwọ́ kan wà níbẹ̀: ṢÌMÍ ÀTI AKÍNFẸ́NWÁ.

Orin dá. Gbogbo dígí mẹ́jọ ló ń fi ibùsùn náà hàn.

"Mọ́mì Débọ́lá," ni pásítọ̀ fi ohùn jẹ́jẹ́ wí, "ẹ ti ṣì í kọ. Tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ kọ."

"Mi ò ṣì í kọ, sà. Ẹ ní kí bàbá ìyàwó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ ká wò ó. Ibùsùn ẹsẹ̀ méje ààbọ̀ ni, fún ọkọ tí Ṣìmí ní etí òun ló mọ! Ẹ pe Tàjúdéènì ní Mazamaza kí ẹ bi í léèrè ẹni tó gbé iṣẹ́ náà fún un!"

"Obìnrin yìí ti ya wèrè!" Akínfẹ́nwá fi ìgò òróró lu tábìlì. "Orí rẹ ti dàrú, Àpèkẹ́! Ọmọ tí mo tọ́! Ẹ gbé Bíbélì wá, mo máa búra! Kí n má rí ọdún tó ń bọ̀ bí mo bá..."

"Ẹ má búra, Dádì!" Ṣìmí ló ké bẹ́ẹ̀. "Ẹ má fa ikú bá ara yín! Ẹ̀yin náà lẹ ní Mọ́mì ò ní fura! Ẹ̀yin lẹ ní wọ́n gọ̀, pé bí a bá ti fi àwọ̀ síwájú wọn, wọn ò ní rí nǹkan míì mọ́! Kò sí Tòkunbọ̀ kankan!"

"Jésù!" ni àwọn ìyá ìjọ pariwo. Ọ̀kan nínú wọn tutọ́ sílẹ̀. Ìyá onílé ní kí Ṣìmí bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù rẹ̀, alágbèrè, ọ̀dàlẹ̀ ọmọ!

Ṣìmí wọ́ lọ sí ẹsẹ̀ Àpèkẹ́. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ti ṣe ti ìyá fún ọ," ni Àpèkẹ́ dáhùn. "Mo ti tẹ́ ibùsùn rẹ." Ó ká tépù rẹ̀ sínú báàgì, ó sì jáde.

Ìyà jẹ ẹni burúkú, kí ẹ fọkàn balẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni wọ́n yọ Akínfẹ́nwá ní díákónì lójú gbogbo ìjọ. Ṣìmí ta dígí, ó ta kọ́tìnnì, ó fi ibùsùn tí ẹnikẹ́ni ò rà sílẹ̀, ó sì bá ọkùnrin mìíràn lọ sí Àbújá láìdágbére fún Akínfẹ́nwá. Gbogbo Fẹ́sítáàkì ló ń sọ pé Ọlọ́run ti gbèjà Àpèkẹ́. Àwọn ìyá ìjọ tó fi ojú rí yàrá náà sì ń tò wá sí Alákijà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rọra sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, pé àwọn náà ń fẹ́ irú rẹ̀.

Oṣù Fẹ́búárì ni Akínfẹ́nwá dé láti ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, níbi tó ti ń sùn sórí àga. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀.

"Àpèkẹ́, dárí jì mí! Kun yàrá wa ní àwọ̀ yòówù. Mo ti gbà."

"Ohun kan ni mo fẹ́ bi yín. Kí ló dé tí ẹ ò gbà fún mi nílé?"

Èmi gbà pé òtítọ́ ló fi dá a lóhùn, ìyẹn ló sì burú níbẹ̀. "Mo rò pé bó ṣe wà yẹn tó fún ọ."

Àpèkẹ́ lọ ṣí ilẹ̀kùn yàrá sílẹ̀. Wọ́n ti fi ayùn gé ibùsùn wọn, pákó tuntun sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Tàjúdéènì ti bá mi gé e. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ló kù. Kò gbà yín mọ́."

Akínfẹ́nwá gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Àpèkẹ́ ò sunkún. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ra agolo ọ̀dà elésè àlùkò kan ní Mile 2, ó ṣí i, ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú rẹ̀, ó dúró síwájú ògiri funfun náà. Kò sí ẹni tó lè dá a lẹ́kun mọ́ láyé. Ọ̀dà ń kán sílẹ̀ láti ẹnu búrọ́ọ̀ṣì, ó ń wò ó. Ó wá ohun tó ti ń fẹ́ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú ara rẹ̀, kò rí i. Gbogbo àwòrán tó bá rántí nínú álíbọ́ọ̀mù, Ṣìmí ló jókòó sínú rẹ̀, ẹsẹ̀ Akínfẹ́nwá sì nà gbọọrọ lórí ibùsùn. Wọ́n ti bá a lo gbogbo rẹ̀ tán.

Ó dé agolo náà padà. Ó tẹ́ aṣọ funfun sórí ibùsùn kúkúrú náà, ó sì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, nítorí oníbàárà kan ń bọ̀ láti Àmúwò wá wọn kọ́tìnnì, ẹyẹ ọ̀kín ló sì ní òun fẹ́.