Ta Ló Sọ Pé Wọ́n Ti Sún Ìdánwò Síwájú?

Aránṣọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ ni ọmọ rẹ̀ obìnrin fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, tó wọ́ báàgì ńlá kan ti ilé ìwé wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ìyá wo báàgì, ó wo ọmọ, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ṣebí ọ̀la lẹ ní ìdánwò?"

"Wọ́n ti sún un síwájú, Mọ́mì. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n."

Ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn yìí ti sú ìyá. Gbogbo èèyàn yìí kan náà ló sọ níjọ́sí pé omi ẹ̀rọ ò ní yọ fún oṣù kan. Ó pọnmi kún gbogbo ike ilé títí ẹ̀yìn fi ń ro ó, omi sì ń dà ṣọ̀ọ̀ lọ́jọ́ kejì.

"Gbogbo èèyàn ò lórúkọ. Ta ni?"

"Dádì ló pè mí. Dádì fúnra wọn!"

Ìyá gbé fóònù. Ọkọ rẹ̀, onígbàjámọ̀, dáhùn láàárín ariwo ẹ̀rọ ìgẹrun. "Òótọ́ ni. Oníbàárà mi kan ló sọ ọ́. Àbúrò ẹ̀ ló pè é pé òun ti ń lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí àwọn."

"Àbúrò ẹ̀ wo?"

"O mọ̀ ọ́n. Èyí tí wọ́n ń pè ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí òun àtọmọ wa jọ ń gbé yàrá nílé ìwé."

Ìyá yíjú sọ́mọ. "Pè é. Jẹ́ kémi náà gbọ́."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti wà nínú ọkọ̀, ó ti rìn jìnnà. "Ta ló sọ fún mi kẹ̀? Ṣebí ìwọ ni! O ní wọ́n ń kó àga jáde ní gbọ̀ngàn ìdánwò, pé kò dájú pé wọ́n máa lè ṣe é lọ́la. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi pé bóyá n óò lọ sílé. Ìgbà tó o wá ní bàbá ẹ náà ti gbọ́ ọ, mo wọkọ̀."

"Mo kàn rò ó ni," ọmọ ń kólòlò.

Ìyá pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbà mí o! Ẹnu ẹ lọ̀rọ̀ yìí ti jáde. Ó lọ yí ká, ó wọ ṣọ́ọ̀bù bàbá ẹ, ó tún padà wá bá ẹ, o wá gbà á lálejò! O rò pé ẹlẹ́rìí pọ̀. Ẹnu ẹ nìkan ni!"

Ìyá wá pe ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìdánwò ilé ìwé náà.

"Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń fi ìbéèrè yìí pa mí," ẹ̀gbọ́n ń mí kanlẹ̀. "Àga tó kán là ń pààrọ̀. Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọ̀la ò yẹ̀. Tá a bá sún ìdánwò, a máa ń lẹ ìwé mọ́ pátákó, a sì máa ń gbé e sórí ìkànnì ilé ìwé. Ṣé ẹ ò ń wo pátákó ni?"

Ojoojúmọ́ lọmọ ń gba iwájú pátákó náà kọjá.

Ó pe Pẹ́lẹ́ńgẹ́ padà. "Jọ̀ọ́, sọ̀ kalẹ̀! Padà!" Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sọ̀ sójú ọ̀nà márosẹ̀ níbi tọ́kọ̀ ò ti ń dúró, ibẹ̀ nilẹ̀ ṣú bá a. Ìgbà tó máa fi dé ilé ìwé lọ́jọ́ kejì, teruku-teruku, wọ́n ti tilẹ̀kùn gbọ̀ngàn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ aránṣọ, àga tuntun kan ṣófo. Ó di ọdún tó ń bọ̀ kí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó lè ṣe ìdánwò náà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, ó tó gẹ́ẹ́! Ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdánwò, ìbò tàbí àjẹsára, ẹ yé ka iye ẹnu tó sọ ọ́. Ẹ wádìí ibi tó ti ṣẹ̀. Ẹ wo pátákó. Ẹ pe ọ́fíìsì. Ohun tẹ́ ẹ bá kàn rò, ẹ sọ pé ẹ rò ó ni, kí ẹni tó ń gbọ́ lè mọ̀. Èyí tí ò bá sì dá yín lójú, ẹ pa á mọ́nú.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹni tó jù ú sílẹ̀ ti ṣe ìdánwò tirẹ̀, ó ti lọ. Ara ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fọ́ sí.