Gáàsì Abẹ́ Òkun Gásà

"Gáàsì ti tán o!"

Ìyá Násìf mi sìlíńdà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ṣánlẹ̀. Ẹja inú páànù kò tíì jinná dé ìdajì. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi tò kó tó rí gáàsì yẹn rọ, kò sì bá a dé ìparí oṣù. Obìnrin náà ya páálí, ó já ọ̀rá mọ́ ọn, ó dáná sí ẹnu ọ̀nà. Kò pẹ́ tí èéfín fi gba gbogbo ilé. Ni Ráním, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ikọ́ fée ń bá jà, bá bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, tí àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

Ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ oògùn sí i nímú wà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n iná kò sí. Wákàtí mẹ́rin péré ni wọ́n ń fún wọn lójúmọ́ ní Ṣátì, àgọ́ àwọn ogunléndé ní Gásà. Tí mẹ́rin yẹn bá ti lọ, ó di ọ̀la.

Násìf pa ìwé dé. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ìdánwò àṣekágbá wọn kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ mọ́. "Màámà, ṣé ẹ mọ̀ pé gáàsì ń bẹ lábẹ́ òkun wa níbí? Tíṣà jọ́gíráfì sọ ọ́ fún wa lónìí. Ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti rí i!"

"Ṣé gáàsì abẹ́ òkun ni mo fẹ́ fi dín ẹja yìí? Gbé àbúrò rẹ jáde síta, jàre."

Násìf gbé Ráním jáde, ó ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀, inú rẹ̀ sì ń hó. Èèyàn wo ni kò ní bínú? A kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ ṣanwọ́, ohun tí wọ́n sì ń fojú àwọn èèyàn Gásà rí gan-an nìyẹn. Láti etíkun wọn, lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, wọ́n ń rí ilé irin gàgàrà tí àwọn Ísírẹ́lì fi ń fa gáàsì tiwọn lápá àríwá. Èyí tó wà níwájú Gásà ńkọ́? Àwọn aláṣẹ Ísírẹ́lì kò jẹ́ kí wọ́n fà á, wọ́n ní owó rẹ̀ yóò bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń bá wọn jagun. Àwọn olórí Palẹsítínì pàápàá ń bá ara wọn jà lórí ẹni tí yóò di ẹnu páìpù mú. Ọmọdé ń húkọ́, wọ́n ń jà sórí páìpù tí ẹnikẹ́ni kò tíì rì mọ́lẹ̀!

Ní ọjọ́ Jímọ̀, bàbá Násìf lọ bá ìbátan kan kẹ́dùn ní ìlú Ráfà. Násìf jókòó sí etíkun níbi tí wọ́n so ọkọ̀ bàbá rẹ̀ mọ́. Kúsáì, ọmọ kíláàsì rẹ̀, wá bá a níbẹ̀.

"Ọmọ ọ̀gá apẹja!" ni Kúsáì wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá ẹ ń wa ọkọ̀ lórí dúkìá wa lójoojúmọ́, ẹja wẹ́wẹ́ ló ń kó bọ̀."

"Má bú bàbá mi o."

"Ta ló bú wọn? Ìwọ ni mò ń bú. Ìwọ tó mọ ọkọ̀ wà, tí o kàn ń fojú wo omi. Jẹ́ ká lọ síbẹ̀, ká na àsíá wa, ká ya fídíò. Kí gbogbo ayé rí i pé tiwa ni!"

"Ogún máìlì ni ibẹ̀. Wọn ò jẹ́ ká kọjá mẹ́sàn-án."

"A ò ní kọjá. Ká ṣáà dé ojú ààlà. Àbí ẹ̀rù ń bà ẹ́?"

Ó yẹ kí ẹ mọ nǹkan kan nípa àwọn apẹja Gásà. Àwọn sójà Ísírẹ́lì ló ń sọ ibi tí àwọn apẹja lè dé lórí omi, iye máìlì náà kì í sì í dúró sójú kan. Ó lè jẹ́ méjìlá lánàá, kó di mẹ́fà lónìí, kí wọ́n sì ti gbogbo òkun pa lọ́la. Ìdí nìyẹn tí Bàbá Násìf fi ní òfin kan ṣoṣo: "Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ iye tòní, kó má tú okùn."

Násìf fa fóònù rẹ̀ yọ. Ó ti kú fin-ín-fin-ín, iná kò sí láti fi ṣáájì rẹ̀. "Kúsáì, pe ẹnì kan, ká béèrè."

"Ìwọ̀nba iná tó kù nínú tèmi, ti fídíò ni. Mẹ́sàn-án ni lánàá, kí ló fẹ́ yí i padà?"

Àwọn apẹja àgbà mẹ́ta ń tún àwọ̀n ṣe ní ọ̀ọ́kán. Ẹnu lásán ni ìbá ná Násìf láti bi wọ́n. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé tí òun bá fi lè bi wọ́n, wọn yóò ní kí òun dúró, òun kò sì fẹ́ dúró. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó tú okùn.

Wọ́n rìn títí ilé etíkun fi di róbótó lẹ́yìn wọn. Kúsáì na àsíá, ó ń pariwo sí fóònù. Násìf bojú wo omi yíká. Kò sí páìpù, kò sí iná, kò sí ohunkóhun tí ojú lè rí. Omi lásán ni, bí èyí tó wà létíkun.

Lójijì ni ọkọ̀ ogun yọ sí wọn, ìgbì rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú ọkọ̀ wọn dé. Ìbọn dún sínú omi lápá ọ̀tún. Ohùn kan ń fi Lárúbáwá pariwo nínú gbohùngbohùn: "Ẹ pa ẹ́ńjìnnì! Ẹ bọ́ ẹ̀wù! Ẹ bẹ́ sómi, ẹ lúwẹ̀ẹ́ wá!"

Wọ́n bẹ́ sómi, wọ́n lúwẹ̀ẹ́ lọ. Nígbà tí wọ́n dé orí ọkọ̀ ogun náà, àwọn sójà dè wọ́n lọ́wọ́. Sójà kan tí kò lè fi ọdún mẹ́ta ju Násìf lọ ló bi wọ́n pé, "Kí lẹ wá ṣe?"

"Gáàsì wa la wá wò," ni Násìf dáhùn.

Sójà náà túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn yòókù, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. "Gáàsì dà? Ṣé ò ń rí i? Máìlì mẹ́fà ni tòní. Láàárọ̀ la ti kéde rẹ̀. Ẹ ò gbọ́ ni?"

"Níbo la ti máa gbọ́? Iná ò sí nílé wa! Ṣé iná wà nílé tiyín?"

Ẹ̀rín sójà náà dúró. Ó wo Násìf bí ẹni tí ìbéèrè náà kò yé. "Iná máa ń wà nílé wa," ló wí, ó sì yíjú sí ibòmíràn.

Nírọ̀lẹ́, àwọn sójà já wọn sílẹ̀ ní ẹnubodè tó wà láàárín Ísírẹ́lì àti Gásà, pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Wọn kò dá fóònù Kúsáì padà, fídíò náà sì bá a lọ. Wọn kò dá ọkọ̀ padà pẹ̀lú. Ọkọ̀ náà ti lọ nìyẹn, kò sì sí ibi tí wọ́n ti lè rí òmíràn, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tuntun wọ Gásà.

Bàbá Násìf, tí àwọn apẹja àgbà ti ránṣẹ́ sí, ń dúró dè é lẹ́nubodè. Násìf ń retí ìfọ́tí, ṣùgbọ́n bàbá náà gbá a mọ́ra, ó yẹ̀ ẹ́ wò lórí, ó yẹ̀ ẹ́ wò láyà, bóyá ìbọn bà á. Ìgbà tó rí i pé ara ọmọ òun dá ṣáṣá ló tó já a sílẹ̀.

"Bàbá, tiwa ni gáàsì yẹn!" Násìf ń sunkún. "Wọ́n ń rẹ́ wa jẹ!"

"Ta ló bá ọ jiyàn?" Ohùn Bàbá Násìf le. "Ṣé o rò pé ìwọ lo kọ́kọ́ bínú ni? Mo ti ń bínú lórí omi yẹn kí wọ́n tó bí ẹ! Mò ń gbé ìbínú mi lọ láràárọ̀, mò ń gbé e bọ̀, ẹ sì ń rí oúnjẹ jẹ. Gáàsì yẹn, Násìf, wọn ò bi mí kí wọ́n tó dí i mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ mi, ìwọ lo fi ọwọ́ ara rẹ wà á lọ fún wọn."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ẹ foríjì mí."

"Mo ti foríjì ẹ́. Àforíjì ò lè kó àwọ̀n sómi."

Láti ọjọ́ náà, ọkùnrin tó ti jẹ́ ọ̀gá nínú ọkọ̀ tirẹ̀ fún ọdún méjìdínlógún di ẹni tó ń fa okùn nínú ọkọ̀ ọ̀dọ́kùnrin kan tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ rí. Ó ń jí lọ, ó ń bọ̀, kò ráhùn. Àìráhùn rẹ̀ yẹn ló dun Násìf jù. Ọmọ náà jókòó ti ìwé rẹ̀, ó ṣe ìdánwò, ó sì yege. Ṣùgbọ́n kò sí máàkì tó lè ra ẹ́ńjìnnì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Násìf kò lẹ́tọ̀ọ́ àtibínú. Ó lẹ́tọ̀ọ́, inú bí èmi náà tí mò ń sọ ọ́. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ tí kò bínú, nǹkan kan ti kú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti gba ohun púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ọgbọ́n di ìwọ̀nba tó kù mú. Ìbínú tí kò dúró béèrè ọ̀rọ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ wá. Ilé ara wa ló máa ń kọ́kọ́ jó.